Ẹ Kú Àná: Ohun Tí Ọpẹ́ Ojoojúmọ́ Ń Ṣe Lára Wa

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọpẹ́ kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ẹni lóore. Bí o bá lọ sóde nílé ẹnìkan lónìí, tí o jẹ, tí o mu, tí o sì dúpẹ́ títí kí o tó kúrò níbẹ̀, ìyẹn kò tíì tó. Lọ́la, bí ẹ bá pàdé lọ́nà ọjà tàbí níwájú mọ́ṣáláṣí, ó yẹ kí o dúró, kí o kúnlẹ̀ díẹ̀ bí o bá jẹ́ obìnrin, kí o ní, "Ẹ ṣé àná o. Ẹ kú ìnáwó." Ẹni tí kò bá ṣe é, wọn ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n wọ́n á rántí. Àwọn àgbà tiẹ̀ sọ ọ́ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan tí kò jìnnà sí ọjà ẹja Olúwo. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, pẹ̀lú àwọn apẹja, àwọn ọlọ́kadà, àti àwọn tó ń jí lọ sí iṣẹ́ ní Lẹ́kí láàárọ̀ tí wọn kì í dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Àwọn mìíràn, orí ló ń fọ́ wọn. Àwọn mìíràn, oorun ti dá lójú wọn, tàbí kí àyà wọn máa já láìnídìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàkíyèsí pé bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ kan bí ara rẹ̀ ṣe rí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí àwọn oníwàádìí rí nípa rẹ̀. Ọpẹ́ méjì ló wà láàárín wa. Ọ̀kan ń tu ni lára. Èkejì ń bo egbò mọ́lẹ̀ títí á fi kẹ̀. Bákan náà ni àwọn méjèèjì ń dún létí, ìdí rèé tí mo fi fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ọjọ́ ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń lọ. Ìdájí ló ti wà létí omi, nítorí ẹni tó bá pẹ́ dé kò ní bá òbòkún tàbí àrọ̀ gidi lọ́wọ́ àwọn apẹja mọ́. Bí bẹntiróòlù bá wọ́n, ọkọ̀ kò ní lọ jìnnà lójú ọ̀sà, ẹja náà á sì wọ́n. Gbogbo wa la rántí ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí à ń rà ní ìsàlẹ̀ 200 náírà di 488 ní Èkó, kò sì padà sísàlẹ̀ mọ́. Owó yìnyín gòkè, owó mọ́tò gòkè, ṣùgbọ́n oníbàárà kò fẹ́ gbọ́ pé ẹja gòkè. Ìyá yìí á ti ra ọjà tán, á gbé báàfù rẹ̀ jókòó, á máa ronú owó ọ̀sẹ̀ tó gbọ́dọ̀ san fún àwọn tó yá a lówó, irú ẹ̀yáwó tí aráàlú ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà. Á ronú owó ilé-ìwé. Oòrùn á sì máa mú, ẹja á ṣì wà nínú báàfù.

Nínú ara rẹ̀ lásìkò yẹn, iṣẹ́ ńlá ń lọ. Bí ọpọlọ bá ti rí i pé ewu wà, á ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì (gland, ẹ̀yà tó ń tú omi ara jáde) tó jókòó lórí kíndìnrín. Àwọn yẹn á tú omi ara kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, òmíràn tó ń jẹ́ cortisol á sì tẹ̀ lé e. Ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru, ṣúgà á jáde kí iṣan lè rí agbára lò, oúnjẹ tó wà nínú á dúró ná. Bó bá jẹ́ pé ejò lo pàdé lọ́nà oko, ara ṣe ọ́ lóore ni. Wàá sá, wàá bọ́, ohun gbogbo á sì padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í ṣe ejò. Kò sí ibi téèyàn lè sá fún un lọ. Ó bá a jí, ó bá a sùn, ara náà kò sì rí àyè fi ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí à ń pè ní másùnmáwo nìyẹn. Bó bá pẹ́ lára, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á wá di ẹ̀jẹ̀ ríru gidi, oorun á bàjẹ́, ara kò sì ní lágbára tó mọ́ láti bá àrùn jà.

Ní ọdún 1936, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hans Selye, tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal ní orílẹ̀-èdè Kánádà, kọ àkọsílẹ̀ kúkurú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti kó àwọn èkúté sínú òtútù, ó mú àwọn kan ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, ó fún àwọn mìíràn ní oògùn tó le. Ìyà tó fi jẹ wọ́n kò jọra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló bá nínú ara gbogbo wọn: ẹṣẹ́ orí kíndìnrín wọn wú, ikùn wọn dá egbò. Ara kò béèrè orúkọ ìyà. Mo máa ń rántí àwọn èkúté yẹn bí mo bá so ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá ìyá kan, tí ẹ̀rọ gbé 170 jáde, tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí òun sì ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun.

Ibo wá ni ọpẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìyá kan lè ta ẹja fún ogún èèyàn lóòjọ́, kí mọ́kàndínlógún sanwó pé, kí ẹnìkan gbé ẹja lọ láwìn kó má padà wá. Ẹnìkan yẹn ni á bá a dé orí ẹní. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe àìmoore. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ọkàn ọmọ ènìyàn, kó lè máa ṣọ́ ewu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ewu nìkan lọkàn ń kà, ara á máa rò pé ewu nìkan ló wà, àwọn ẹṣẹ́ tí mo dárúkọ kò sì ní sinmi. Ọpẹ́ kò lè mú aláwìn yẹn padà wá. Ohun tó lè ṣe ni pé kó jẹ́ kí àwọn mọ́kàndínlógún yòókù náà wọ inú ìṣirò.

Robert Emmons àti Michael McCullough, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ní kí àwọn kan máa kọ nǹkan bíi márùn-ún tí wọ́n ń dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn kejì máa kọ ohun tó ń bí wọn nínú tàbí tó ń ni wọ́n lára, kí àwọn kẹta máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lásán. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe é fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àwọn tó ń kọ ọpẹ́ ní ìrètí ju àwọn yòókù lọ, wọn kì í ráhùn ara tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá ju àwọn tó ń kọ ohun tó ń bí wọn nínú lọ. Nígbà tí wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú àwọn mìíràn, ti ara kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tó hàn ni pé inú àwọn tó ń dúpẹ́ dùn, wọ́n sì ń ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ sí i.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìwádìí kẹta wọn. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tára wọn le ni wọ́n lò níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí àrùn iṣan ń bá jà ni, àrùn tí kì í lọ, tó ń jẹ́ kí rírìn àti dídìde ṣòro. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi kọ ọpẹ́ sílẹ̀. Àrùn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sùn pẹ́ sí i, wọ́n sì ń jí pẹ̀lú ara tó fúyẹ́. Àwọn ọkọ àti aya wọn, tí kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọpẹ́ kankan, náà sọ pé àwọn rí i pé ayé tẹ́ ẹnìkejì àwọn lọ́rùn. Èmi tí mò ń tọ́jú aláìsàn mọ ohun tí oorun alẹ́ kan jẹ́. Ẹni tó bá sùn dáadáa, oògùn tó lò á rí ibi dúró sí.

Ní 2005, Martin Seligman, òun náà onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ohun mìíràn jáde. Wọ́n ní kí àwọn kan máa kọ ohun mẹ́ta tó lọ dáadáa lóòjọ́ ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lọ dáadáa. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, inú àwọn wọ̀nyí ṣì dùn ju bó ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ìdí yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ tí kò ní ìrònú nínú kò níbi tó ń lọ.

Mo máa ń rí i lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá sọ fún ìyá kan pé kí ó rántí ohun rere mẹ́ta kó tó sùn, ó máa ń yá a lára láti dá mi lóhùn: "Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run ṣeun fún ẹ̀mí, ó ṣeun fún ọmọ, ó ṣeun fún àlàáfíà." Àdúrà tó dára ni, mo sì máa ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n àná náà ló sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni á sì sọ lọ́la, ọkàn rẹ̀ kò dúró lé ohun kan. Mo á wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Lónìí ńkọ́, Màmá? Ta ló ṣe nǹkan kan fún yín, kí ló sì ṣe?" Á dákẹ́. Á wo òkè. Lẹ́yìn náà á rántí pé ọlọ́kọ̀ tó gbé òun bọ̀ láti èbúté kò gba owó ẹrù. Á rántí pé ọmọdébìnrin tó pàtẹ tì í bá a ta èpìyà nígbà tó lọ kírun, kò sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó náà. Ojú rẹ̀ á yí padà níwájú mi, èjìká rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé kọ, kò sì pọn dandan. Àwọn kan ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn kí wọ́n tó pa iná. Ìyá kan wà tó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp, á sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn. Àbúrò náà á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ padà.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn jù, bí ẹni pé àwọn gbàgbé Ọlọ́run ni. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fìdí múlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, nítorí náà ohun tí mo fi máa ń dá wọn lóhùn ni hádíìsì tí gbogbo wọn ti gbọ́ lẹ́nu àfáà, pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Nínú ìwádìí 2005 yẹn kan náà, iṣẹ́ mìíràn wà tí wọ́n fún àwọn èèyàn: kí oníkálukú ronú ẹnìkan tó ti ṣe é lóore ńlá tí kò sì rí ọpẹ́ gidi gbà, kó kọ lẹ́tà sí onítọ̀hún, kó sì gbé e lọ fún un fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n dán wò, èyí ló mú inú àwọn èèyàn dùn jù lójú ẹsẹ̀. Oṣù kan gbáko ni ayọ̀ náà fi wà lára wọn kó tó rọlẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ọkàn mi lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí mo ń rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìnáwó, tí wọ́n wọ ìró àti bùbá tí kò gún régé bíi ti àná, tí wọ́n ń ti ilé dé ilé pé, "Ẹ kú àná, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró." A ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ó ń dínkù. Bó bá di ọjọ́ kejì báyìí, àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé pọ̀ la ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ó parí. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Owó mọ́tò wọ́n, iṣẹ́ jìnnà, ẹni tó ń sùn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí kò lè máa kí káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pe ẹni yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín.

Mo mọ ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró. A máa ń rò pé ó ti pẹ́ jù, pé ojú á tì wá, pé onítọ̀hún á ní kí lèyí tún ń wá. Amit Kumar àti Nicholas Epley ṣe ìwádìí lórí èyí gan-an ní 2018. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sí ẹni tó ṣe wọ́n lóore, kí wọ́n sì sọ bí wọ́n ṣe rò pé á rí lára ẹni náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ bi àwọn tó gba lẹ́tà. Àwọn tó kọ ọ́ ti rò pé á rí bákan, pé kò ní jọ ẹni yẹn lójú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbà á ní kò rí bákan tó bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe rò. Ó yà wọ́n lẹ́nu, inú wọn sì dùn ju bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọpẹ́ kejì, nítorí òun ni mo ń rí jù nínú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ìyá kan wọlé tọ̀ wá lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà, ó mọ́ tónítóní. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé àlàáfíà ni?" Ó ní, "Alihamudulilahi, a dúpẹ́." Mo ní, "Ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́?" Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ga débi pé mo tún un wọ̀n ní apá kejì. Mo fà sún mọ́ ọn. Mo ní, "Màmá, mo gbọ́ pé ẹ dúpẹ́. Kí ló ń ṣe yín gan-an?" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì tètè dáwọ́ dúró. Rọpárọsẹ̀ ti gbé bàbá dùbúlẹ̀, ó ti lé ní ọdún. Òun ló ń gbé e, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń lọ sọ́jà. Ó ti yá owó lọ́nà méjì, ó ń fi ọ̀kan san ọ̀kan. Ibi tó bá ti fẹ́ la ẹnu sọ ọ́, wọ́n á ní kó máa dúpẹ́, pé ẹ̀mí bàbá ṣì wà, pé àwọn mìíràn ti di opó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn ni wọ́n fi dí i lẹ́nu.

Irú ọpẹ́ yìí kì í tu ni lára. Ohun méjì ló di ẹrù fún onítọ̀hún: ìyà fúnra rẹ̀, àti iṣẹ́ fífi ojú dáadáa bò ó. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń bá aláìsàn tàbí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀ ronú sí i. Kì í ṣe ẹni tó wà níta ìyà ló ń pàṣẹ ọpẹ́ fún ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Mo jẹ́ kí màmá náà sunkún tán. N kò sọ fún un pé kó máa ṣọpẹ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lójú mi nìyẹn. Nígbà tó nu ojú tán, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọmọ ilé kejì kan wà, ọmọ ọlọ́mọ, tó máa ń pọn omi kún ike òun láràárọ̀ kó tó lọ sílé-ìwé, tí kò sì dúró kí òun kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ rí. Ó dárúkọ ọmọ náà. Ó ní òun kò tilẹ̀ tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọpẹ́ tí mo ń wá nìyẹn, ẹkún ló sì ṣílẹ̀kùn fún un. Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, mo sì tẹnu mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan ṣeré nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ju 140 lórí 90 lọ lemọ́lemọ́, oògùn àti ìtọ́jú ló ń fẹ́. Kò sí iye ọpẹ́ tó lè gba ipò yẹn.

Àwọn onímọ̀ náà kò fi òdiwọ̀n ọpẹ́ pamọ́. Ní 2021, David Cregg àti Jennifer Cheavens ti Ohio State University kó ìwádìí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n jọ, èyí tó kan èèyàn tó ju 3,600 lọ, láti mọ bí kíkọ ọpẹ́ sílẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn. Ó ń ṣe díẹ̀, wọ́n ní, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ń dà láàmú nílò ìtọ́jú tó tọ́ sí i. Inú mi dùn pé wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀rí kékeré tó dájú sàn fún mi ju ìlérí ńlá tí àwọn kan ń ṣe lórí rédíò lọ. Ní 2024 wọ́n tún gbé ìwádìí jáde lórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó ju 49,000 lọ ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 79. Láàárín bí ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, ewu ikú fi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún kéré lára àwọn tó mọ oore jù ju lára àwọn tó mọ oore kéré jù. Ìyẹn kò fi hàn pé ọpẹ́ ló dá ẹ̀mí wọn sí. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó yẹ ká tẹ́tí sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọpẹ́ àti ìrántí ìyà kò lè jókòó pọ̀, kó wá wo ọdún Káyókáyọ̀ tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá. Àwọn ọmọ ìlú á wálé láti ibi gbogbo, aṣọ ẹgbẹ́ á kún ìgboro, wọ́n á jẹ àjẹyó, wọ́n á jó. Àmọ́ ẹ wo ohun tó bí ayọ̀ náà. Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sì sá wá títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó pàdánù ilé àti ìlú ni baba ńlá àwọn tó ń jó yìí. Wọn kò fi ọpẹ́ bo ìsá náà mọ́lẹ̀. Ìtàn ìsá yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn lọ́dọọdún, wọ́n á wá sọ èbúté tí wọ́n gúnlẹ̀ sí mọ́ ọn. Mo fẹ́ kí ọpẹ́ inú ilé wa rí bẹ́ẹ̀, kí ibi tó dùn àti ibi tó dunni wà nínú ìtàn kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ó sì kan àwa tí à ń ṣe oore. Ọpẹ́ tí wọ́n fi ipá gbà lọ́wọ́ ẹni, gbèsè ni. Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ rán nílé-ìwé. Bí fóònù rẹ̀ bá dún tó sì rí i pé ẹ̀gbọ́n bàbá ni, àyà rẹ̀ á já. Oore náà kò kéré, kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rán an létí rẹ̀, níwájú ẹbí, níwájú àna, títí ọpẹ́ fi di másùnmáwo. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ràn lọ́wọ́ mí.

Ní tèmi, àwọn tí mo ń wá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn jù báyìí ni àwọn tí owó ti bo iṣẹ́ wọn lójú, àwọn tí a máa ń rò pé bí a bá ti sanwó fún wọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn ìyá tó ń gbá títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń tu ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ha ìpẹ́ ẹja ní Olúwo, tí ọ̀bẹ ti gé ìka wọn lóríṣiríṣi. Ọ̀kan nínú wọn bá mi tún àrọ̀ ṣe láìpẹ́ yìí, ó yọ òróòro rẹ̀ láìjẹ́ kó bẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Nígbà tí mo tún padà lọ sọ́jà, mo wá a lọ, mo ní, "Àbúrò, ẹ ṣé ti ọjọ́sí. Ọbẹ̀ yẹn kò korò rárá." Ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà ti sanwó." Mo ní mo mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń dúpẹ́ fún. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń yọ òróòro, pé ìyá náà ti ha ẹja níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́ báyìí, kò sì gbà láti lọ síbi tí wọ́n ti ń wò ó. Ó bi mí bóyá èmi lè wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un nílé. Mo ti gba àdírẹ́sì wọn. Tọ́sìdeè ni mo máa lọ, lẹ́yìn iṣẹ́.